Oorun Tí O Ń Jí Sùn Nínú Mọ́tò

Àyétòrò, Ẹ̀pẹ́,
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun àílà.

Rìsíkátù Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Báwo ni ilé? Bàbá Síkírù ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà ni a wà níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu pé bébà ni mo fi ránṣẹ́ nígbà tí fóònù wà. Bí mo bá pè ọ́, "Dáadáa ni mo wà, Màámi" ni wàá ti sọ kí n tó la ẹnu. Bébà kò ní jẹ́ kí o já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Iléyá ni. Nígbà tí wọ́n ń gé ẹran lọ́wọ́, tí àwọn ìyàwó ilé jókòó yí ọpọ́n ká, mo wá ọ títí, n kò rí ọ. Mo yí lọ sẹ́yìnkùlé, mo bá ọ nínú mọ́tò ọkọ rẹ. O ti dá àga sẹ́yìn, o fi ìborùn bojú, o ń sùn fọnfọn nínú ooru yẹn. Agolo ohun mímu amáralágbára mẹ́ta ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ, ó ti ṣófo. Mo rọra ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí ọ, mo padà sídìí ẹran. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí ẹnìkan ń wí pé, "Iṣẹ́ dé, ọmọ ilé pòórá." N kò dá a lóhùn. Àlejò pọ̀ nílé, n kò sì fẹ́ kí wọ́n gé ọ̀rọ̀ rẹ mọ́ ẹran jẹ.

Àbẹ̀kẹ́, oorun yẹn, èmi náà ti jí i sùn rí.

Ọdún kẹrìnlá rèé tí làkúrègbé ti wọ oríkèé ìka mi. Irú tèmi náà ni wọ́n rí lára rẹ, èyí tí ara fúnra rẹ̀ ń gbógun ti oríkèé. Ó yàtọ̀ sí ti orúnkún àgbàlagbà tó jẹ nítorí ọjọ́ orí àti ẹrù rírù. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni lo wà nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀, a kò sì sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ra agbọ̀n ọbọ̀kún méjì ní àwìn ní ọjà Olúwo, lọ́wọ́ àwọn apẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀. Mo ká wọn, mo tò wọ́n sórí ààrò, mo ní kí n fẹ̀yìn ti ògiri díẹ̀ kí n tó yí wọn padà. Òórùn ló jí mi. Èéfín ti gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé, èyí tó wà nísàlẹ̀ ti di èédú, irùngbọ̀n ẹja nìkan ni mo fi dá àwọn tó kù mọ̀ pé ọbọ̀kún ni wọ́n. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ, kò sọ nǹkan kan. Ó gbé ìgbálẹ̀, ó ń gbá eérú. Ṣùgbọ́n alábàáṣòwò mi kan ní oorun ọ̀lẹ ni, mo sì gbà á gbọ́. Odidi ọdún méjì ni mo fi ń bú ara mi lójoojúmọ́ kí n tó dìde lórí ẹní.

Dókítà tó gba ìtọ́jú mi ní LASUTH, ilé ìwòsàn ńlá n'Ìkejà, ló là á yé mi. Ó ní àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, tó yẹ kí wọ́n máa lé kòkòrò àrùn, ló yíjú sí oríkèé. Ìjà náà kì í sinmi. Bí o jókòó, wọ́n ń jà. Bí o sùn, wọ́n ń jà. Agbára rẹ ni wọ́n sì fi ń ṣe oúnjẹ. Mo ní, "Ẹ̀yin ń sọ pé bí ààrò tó ń jó láìsí ẹja lórí rẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti dẹ́kun bíbú ara mi. Ohun tó kọ́kọ́ ń pa iná ààrò yẹn ni oògùn àìsàn náà gan-an, tí ènìyàn bá ń lò ó déédéé. Gbogbo ìyókù tí mo fẹ́ sọ, ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n jẹ́ fún un.

Kí o tó di ẹ̀bi gbogbo àárẹ̀ ru oorun, jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Nígbà tí wọ́n wọn PCV mi lọ́dún yẹn, ìyẹn ìwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ pupa ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, 27 nínú ọgọ́rùn-ún ni. N kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ mi ti lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, èmi tí mò ń jẹ ẹ̀fọ́ bí ewúrẹ́. Àìsàn yìí fúnra rẹ̀ máa ń fà á, oògùn ìrora tí à ń gbé mì láìjẹun sì lè dá egbò sí ikùn tí yóò máa ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé a mọ̀. Bí o bá yàgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà, má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ. Lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ó ku ti oorun. Ìrora ń lé oorun lóru, àìróorunsùn ń pọ́n ìrora lẹ́nu lọ́sàn-án. Àwọn méjèèjì ti mọ́wọ́ ara wọn. Ohun tí mo fi ọdún pípẹ́ kọ́ ni pé láti ọ̀sán ni a ti ń tún òru ṣe. Nítorí náà, jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí agolo rẹ. Má bínú, mo kà wọ́n. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, obì ni tèmi. Mo máa ń jẹ awẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí n má bàa tòògbé lórí àtẹ. Ohun tó ń lé oorun nínú agolo rẹ, kaféènì, òun náà ló wà nínú obì, tó wà nínú kọfí àti tíì. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 5, bí ìdajì rẹ̀ ṣì lè wà nínú ara. Ó ń yá ọ lágbára lọ́sàn-án, òru ló ń gba èlé. Bí o kò bá lè fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, jẹ́ kó parí kí oòrùn tó kàn ọ́ lórí. Nígbà tí mo fi obì ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀, orí fọ́ mi fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì lọ.

Oorun ọ̀sán kò burú, àwọn aáfà tilẹ̀ ní sùnná Ànábì ni. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 20 ni, kó má ju 30 lọ, kí o sì ti jí kí wọ́n tó pe alásárì. Èyí tí o sùn nínú mọ́tò, mo wo aago: ó lé ní wákàtí méjì. Lóru ọjọ́ yẹn, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ ní pálọ̀ ní aago méjì, o ń rìn lọ, o ń rìn bọ̀, iná fóònù sì ń tàn lójú rẹ. Bí oorun bá kọ̀ tí kò wá lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 20, má dùbúlẹ̀ máa ka igi àjà. Dìde, jókòó síbi tí iná kò ti mọ́lẹ̀ púpọ̀, ja tẹ̀sùbáà rẹ. Bí ojú bá ti wúwo, padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Fóònù ni kí o fi sílẹ̀. Aago tí o bá sì ń jí ní ọjọ́ Mọ́ńdè ni kí o máa jí ní Sátidé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òru kò dára. Mo mọ̀ pé ó le. Èmi, àsùbáà kò jẹ́ kí n yàn.

Ní bí wákàtí kan sí méjì kí o tó sùn, fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀. Fi aṣọ gbígbẹ wé ìka rẹ bí òtútù bá mú. Bí o bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, fi ìrọ̀rí tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín orúnkún méjèèjì. Ṣùgbọ́n má gbé ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún sùn mọ́jú, bó ti wù kó tù ọ́ tó; bẹ́ẹ̀ ni orúnkún ìyá kan ládùúgbò wa ṣe ká kò, tí kò nà tán mọ́. Fóòmù yín náà ti jìn láàárín. Mo jókòó lé e nígbà tí mo wá kí yín n'Ìkòròdú, agbára káká ni mo fi dìde. Ẹ yí i padà, tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bàbá Síkírù ní o máa ń hanrun. Mo bi í bóyá èémí rẹ máa ń dá díẹ̀ kí o tó ta gìrì, ó ní òun kò fiyè sí i. Kó fiyè sí i. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ dókítà nìyẹn, omi gbígbóná kò lè ṣe é.

Ti oògùn, mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kóró funfun kéékèèké tí wọ́n fún ọ láti fi pa wíwú, prednisolone, àárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ni kí o máa lò ó bí dókítà kò bá sọ ohun mìíràn. Alẹ́ ni mo ń lo tèmi níbẹ̀rẹ̀, mo rò pé yóò bá mi sùn. Ojú mi là bí ojú ẹja mọ́jú. Nọ́ọ̀sì ló bi mí pé, "Màmá, aago mélòó lẹ̀ ń lò ó?" Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn dá oorun mi padà ju gbogbo ohun tí mo ti ná owó lé lọ. Má sì jáwọ́ nínú rẹ̀ lójijì nítorí pé ara yá. Dókítà ló ń dín in kù. Èyí tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, methotrexate, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ náà ni. Kọ ọjọ́ rẹ̀ sára ògiri. Ó máa ń rẹ̀ mí ní ọjọ́ kejì, nítorí náà ni mo ṣe bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi tèmi sí alẹ́ ọjọ́ tí n kì í lọ sọ́jà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìwọ náà lè bi wọ́n léèrè, nítorí iṣẹ́ tíṣà. Bí ẹ bá sì ń gbèrò ọmọ mìíràn, sọ fún dókítà ná, kí oyún tó dé rárá. Oògùn yẹn àti oyún kò gbọdọ̀ pàdé. Mo mọ̀ pé ojú ń tì ọ́ láti bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Èmi kò tijú.

Ẹni tí wọ́n ní ó ń ta àgbo làkúrègbé ní gáréèjì, tí àbúrò rẹ ń yìn, má rà á. Mo ti ra irú rẹ̀ rí lọ́wọ́ ẹnìkan. Ní ọjọ́ mẹ́ta, mo ń fò bí ọmọdé. Ní oṣù mẹ́ta, ojú mi ti wú rìbìtì, ara mi ń bó, ìtọ̀ mi pọ̀, oorun sì ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Dókítà ní ó jọ pé wọ́n ti lọ oògùn òyìnbó mọ́ ewé náà, ti irú kóró funfun yẹn. A kò mọ ìwọ̀n rẹ̀, a kò mọ ọjọ́ tí ó yẹ ká fi í sílẹ̀.

Nípa iṣẹ́: má dúró kó rẹ̀ ọ́ kí o tó sinmi. Nígbà tí mo bá ń ha ìpẹ́ èpìyà nísinsìnyí, mo máa ń ha mẹ́wàá, mo á fi ọ̀bẹ sílẹ̀, mo á ki ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo á tún mú mẹ́wàá. Àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ti mọ̀ ọ́n, wọ́n a ní, "Ìyá ti dé mẹ́wàá." Agbọ̀n ń parí. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń ṣe gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ tí ara bá yá, mo á sì fi ọjọ́ mẹ́ta dùbúlẹ̀ san án. Ohun kan tí kò dùn létí ni pé jíjókòó ní gbogbo ọjọ́ ń dá kún àárẹ̀. Máa rìn díẹ̀. Èmi máa ń rìn lọ sí Màrínà lẹ́bàá ọ̀sà ní ìrọ̀lẹ́, mo á wo ọkọ̀ ojú omi, mo á padà. Ọjọ́ tí mo bá rìn, mo máa ń sùn ju ọjọ́ tí n kò rìn lọ.

Sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ. Ní kí wọ́n fún ọ ní kíláàsì tó wà nísàlẹ̀ ilé, kí o máa jókòó sórí àga kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́. Sọ fún ọkọ rẹ pé wákàtí àkọ́kọ́ láàárọ̀ kì í ṣe tìrẹ, nítorí ìka rẹ kò tíì jí. Kó bá ọ wẹ àwọn ọmọ, kó bá wọn de bọ́tìnnì. Èmi yóò sọ fún un náà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ ni kó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí ọkàn rẹ bá sì ń rẹ̀wẹ̀sì, tí ẹkún ń gbọ̀n ọ́ láìnídìí, àìsàn yìí máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, sọ fún dókítà, sọ fún mi.

Ẹni tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Iléyá, mo ti pè é. Mo fi ìka mi hàn án, mo ní kó gbìyànjú láti tẹ̀ wọ́n papọ̀. Ó bú sẹ́kún. Ìyẹn tó.

Awakọ̀ tó ń gba Ìtòìkín wá sí Ìkòròdú yóò gbé ẹrù kan fún ọ ní ọ̀la. Ẹja kíká wà nínú rẹ̀, mo ti yọ egungun rẹ̀ kí o má bàa fi ìka jà á. Ìrọ̀rí tẹ́ẹ́rẹ́ méjì náà wà níbẹ̀, òwú ni mo fi sínú wọn, ti orúnkún rẹ ni. Kí Síkírù má gbé wọn ṣe ohun ìṣeré. Bí ó bá dé ọwọ́ rẹ, pè mí, ṣùgbọ́n má pè mí lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́. Mo ti sùn.

Èmi ni Ìyá rẹ.