Ọkọ̀ alájà mẹ́ta kọ́ ló gba Àjàyí

Olóòtú,

Àwòrán tí ẹ tẹ̀ sábẹ́ ìtàn Àjàyí Crowther lọ́sẹ̀ tó kọjá bí èèyàn nínú. Ọkọ̀ ogun alájà mẹ́ta, tí ẹnu ìbọn àgbá tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí eyín àgbàdo! Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbé ìbọn tó ọgọ́rùn-ún. Myrmidon, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gba Àjàyí lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú lójú òkun Èkó ní oṣù kẹrin 1822, ìbọn 20 péré ni.

Ẹ̀yin nìkan sì kọ́. Àwọn tó ń ṣe ìwé ìtàn fún ọmọ iléèwé, àti àwọn aláṣẹ tó ń tọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wa, ọkọ̀ ràgàjì kan náà ni gbogbo wọn ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Ọkọ̀ ńlá ṣọ̀wọ́n kó tó lé ọkọ̀ ẹrú bá. Òpó rẹ̀ ga. Olówò ẹrú á ti rí i lókèèrè, á ta gbogbo ìgbòkun, ó di gbére.

Ẹ wo Black Joke. Ọkọ̀ ẹrú ni tẹ́lẹ̀, Henriquetta lorúkọ rẹ̀, Bahia ní Brazil ló ń kó àwọn èèyàn wa lọ. Nígbà tí wọ́n mú un ní 1827, Collier, ọ̀gá Sybille, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó tóbi jù ú lọ, rà á, ó sọ ọ́ di ọkọ̀ ogun. Olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè é tọ̀ lórí àpáta. Ìbọn méjì péré ló ní, ọ̀kan ń yí kiri lórí ìdí rẹ̀. Abẹ́ ọkọ̀ náà mú, kò tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí náà afẹ́fẹ́ kì í tètè gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní 1829, wákàtí 31 ló fi lé ọkọ̀ ẹrú El Almirante, oníbọn 14, tó kó èèyàn 466 láti Èkó. Nígbà tí afẹ́fẹ́ dá, àjẹ̀ gígùn ni wọ́n fi wà á. Ta ló fẹ́ wa ọkọ̀ alájà mẹ́ta bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yìn El Almirante ni wọ́n lọ dúró sí, níbi tí ìbọn ẹ̀gbẹ́ kò lè kojú sí. Igi Black Joke nìkan ni kò lálòpẹ́: ó jẹrà, wọ́n sì dáná sun ún ní Freetown ní 1832.

Kí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń fẹ́ gan-an ni kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Àgbádárìgì gbẹ́nà ọkọ̀ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí íńṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Sybille á gùn tó íńṣì 31, Black Joke á jẹ́ 18. Kí wọ́n gbé méjèèjì sórí gíláàsì, kí ọmọdé lè bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ wọn. Kí wọ́n sì tẹ òpó Black Joke sẹ́yìn díẹ̀. Bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá nà án ṣánṣán, ọkọ̀ ẹlòmíràn ló gbẹ́.

Òǹkàwé yín, Èkó