Ìbò òmìnira Scotland: ẹ má so EU mọ́ ọn lójú ìwé kan náà

Sí Olóòtú,

Bí ọ̀rọ̀ òmìnira Scotland bá ti gbérí nínú ìròyìn, ẹni tí yóò borí ni àwọn èèyàn wa máa ń jiyàn lé lórí. Ohun tí wọn yóò tẹ̀ sójú ìwé ìdìbò kì í sí nínú àríyànjiyàn náà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Láti ìgbà tí UK sì ti jáde kúrò nínú àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù, EU, ìbéèrè kan ti di méjì: ṣé kí Scotland dá dúró, ṣé kó sì padà sínú EU? Èrò tèmi ni pé kí wọ́n má ṣe bi àwọn olùdìbò ní méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń kọ ìbéèrè, UK mọ iṣẹ́ yẹn ṣe. Ìbéèrè tí ìjọba Scotland kọ́kọ́ mú wá fún ìbò òmìnira ti 2014 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ṣé ẹ gbà pé…”. Àjọ elétò ìdìbò gbé e fún àwọn ará ìlú kà, wọ́n sì bi wọ́n léèrè ohun tó yé wọn níbẹ̀. Ní oṣù kìíní 2013, àjọ náà ní kí wọ́n yọ “ṣé ẹ gbà” kúrò, nítorí ó ń ti èèyàn síbi “bẹ́ẹ̀ ni”. Ohun tó kù ni “Ṣé ó yẹ kí Scotland jẹ́ orílẹ̀-èdè olómìnira?” 84.6% àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ló jáde dìbò, 55.3% ní rárá, 44.7% ní bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ìwé ìdìbò tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀, 3,429 péré ni wọ́n dà nù.

Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí ìbò EU ti 2016. Ìbéèrè tó wà nínú àbá òfin nígbà náà kò mẹ́nu ba jíjáde rárá: ṣé kí UK ṣì máa jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá. Ní oṣù kẹsàn-án 2015 àjọ náà ní ìyẹn gbè sẹ́yìn àwọn tó fẹ́ dúró. Ni wọ́n bá yí i padà, tí ìbéèrè fi dárúkọ dídúró àti jíjáde pọ̀, tí gbólóhùn méjì tó ṣe kedere sì rọ́pò “bẹ́ẹ̀ ni” àti “rárá”. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ìbéèrè náà ṣègbè. Síbẹ̀, nígbà tí 51.9% ti yan jíjáde tán, ó di oṣù kìíní 2020 kí UK tó jáde, torí “jíjáde” kò sọ bóyá wọn yóò ṣì wà nínú ọjà kan ṣoṣo ti Yúróòpù, níbi tí ọjà àti èèyàn ti ń kọjá láìsí ìdíwọ́, kò sọ ti owó ibodè, kò sì sọ ti ààlà Ireland. Àyẹ̀wò àjọ elétò ìdìbò lè mú ègbè jáde nínú ìbéèrè. Kò lè fi ohun tí kò sí níbẹ̀ sí i.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú Scotland báyìí: kó dúró sínú UK, kó gba òmìnira kó sì wọ EU, kó gba òmìnira kó má wọ EU. Àwọn kan ní kí wọ́n kúkú to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú ìwé kan. Ẹ fi ọgọ́rùn-ún olùdìbò dán an wò. Ká ní 36 fẹ́ UK, EU ló sì tẹ̀ lé e lọ́kàn wọn bí kíkúrò bá di dandan. 33 fẹ́ òmìnira pẹ̀lú EU. Òmìnira láìsí EU ló tẹ̀ lé e, UK ló gbẹ̀yìn. 31 yòókù kò fẹ́ fojú kan EU: òmìnira láìsí EU ni tiwọn, UK ló tẹ̀ lé e, òmìnira pẹ̀lú EU ló gbẹ̀yìn. Àpẹẹrẹ lásán ni iye yìí, àmọ́ irú olùdìbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bẹ níbẹ̀ lóòótọ́.

Bí a bá ka ohun tí kálukú kọ́kọ́ yàn nìkan, UK wọlé pẹ̀lú 36, nígbà tó jẹ́ pé 64 ló fẹ́ òmìnira. Bí a bá wá fi wọ́n figagbága ní méjì méjì, UK yóò na òmìnira pẹ̀lú EU ní 67 sí 33. Òmìnira pẹ̀lú EU yóò na òmìnira láìsí EU ní 69 sí 31. Òmìnira láìsí EU yóò sì padà na UK ní 64 sí 36! Òòyì lásán ni. Èyí tí wọ́n bá fi sí ìparí ìdíje ni yóò wọlé, ẹni tó to ètò ló sì mọ̀ ọ́n. Ilé aṣòfin UK tọ́ irú rẹ̀ wò ní 2019 lórí ọ̀rọ̀ jíjáde kúrò nínú EU: ọ̀nà mẹ́jọ ni wọ́n dìbò lé lórí ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta, mẹ́rin ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin, kò sí ọ̀kankan tí àwọn tó fẹ́ ẹ pọ̀ ju àwọn tó kọ̀ ọ́.

Ìbéèrè méjì lójú ìwé kan náà ńkọ́? Puerto Rico, erékùṣù tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà láìjẹ́ ìpínlẹ̀ rẹ̀, ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2012. Ìbéèrè kìíní: ṣé ẹ fẹ́ kí ipò tí a wà báyìí máa bá a lọ? 54% ní rárá. Ìkejì: nínú ọ̀nà mẹ́ta mìíràn, èwo lẹ yàn? 61% yan dídi ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n àwọn tó súnmọ́ 500,000 kò kọ nǹkan kan sí ìbéèrè kejì. Bí a bá ka ìwé tiwọn mọ́ ọn, 61% yẹn kò tó ìdajì mọ́, apá méjèèjì sì pariwo pé àwọn ló borí.

Ìdí mìíràn tún wà. Bí Scotland bá dìbò pé òun fẹ́ wọ EU, ìbò yẹn kò lè mú un wọlé. Abala 49 ìwé àdéhùn EU sọ pé gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹyọ kan tó bá kọ̀, ó parí. Ohun tí àwọn olùdìbò kò ní agbára lé lórí kò yẹ kó wà lójú ìwé bíi pé ó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ sì rántí pé ní 2014 àwọn tó fẹ́ kí Scotland dúró ń sọ pé inú UK ni EU ti dájú. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, 62% ní Scotland fẹ́ dúró sí EU, UK sì jáde.

Ohun tí mo rò pé ó dára ni ti Norway. Wọ́n bá EU dúnàádúrà tán, wọ́n mọ ohun tó kàn wọ́n lórí ẹja àti iṣẹ́ àgbẹ̀, kí wọ́n tó pe àwọn ará ìlú síbi àpótí ní oṣù kọkànlá 1994. 52.2% kọ̀ ọ́, ohun tí wọ́n kọ̀ sì wà níwájú wọn. Kí Scotland kọ́kọ́ dìbò lórí òmìnira nìkan. Bó bá gbà á, kó lọ dúnàádúrà, kó tó dìbò lórí EU. Àmọ́ kí òfin ìbò àkọ́kọ́ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìbò kejì yóò wáyé, àti ipò tí ibodè England àti owó tí wọn yóò máa ná yóò wà láàárín ìbò méjèèjì. Láìsí èyí, 31 tó wà nínú àpẹẹrẹ mi yóò dìbò fún òmìnira, wọn yóò wá bá ara wọn níbi tí wọ́n kórìíra jù.

Àwọn tó ń ké fún irú ìbò yìí nílẹ̀ Yorùbá, kí wọ́n wo ìtòsí. Ní oṣù kejì 1961, ọ̀nà méjì péré ni wọ́n gbé síwájú àwọn ará Kamẹrúùnù tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì: Nàìjíríà tàbí Kamẹrúùnù. Apá àríwá yan Nàìjíríà, apá gúúsù yan Kamẹrúùnù. Ẹni tó fẹ́ dá dúró kò rí ibi tí yóò tẹ̀ka sí, ẹjọ́ yẹn kò sì tíì tán ní gúúsù títí dòní. Òfin Nàìjíríà ti 1999 fàyè gba ìbò ará ìlú lórí dídá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀, pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta, àti lórí pípe aṣòfin padà. Kò mẹ́nu kan ìyapa.

Ó ku ti àwọn olùdìbò. Ní 2014, ọmọ ọdún 16 dìbò ní Scotland, ọmọ EU tó ń gbé ibẹ̀ náà dìbò. Ní 2016 wọ́n yọ àwọn méjèèjì, àfi ọmọ Ireland, Malta àti Cyprus. Ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú dìbò nínú méjèèjì, torí Commonwealth. Ẹni tí wọ́n bá gbà láyè níbi ìbò òmìnira ni kí wọ́n gbà láyè níbi ti EU, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin kan náà.

Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní UK ti dájọ́ ní oṣù kọkànlá 2022 pé ilé aṣòfin Scotland kò lè dá irú ìbò bẹ́ẹ̀ ṣètò. Bó bá di ọjọ́ tí London gbà, ìjọba Scotland á fẹ́ gbé ìbéèrè 2014 padà bó ṣe wà, nítorí pé ó ti mọ́ àwọn èèyàn lára. Àjọ elétò ìdìbò ti ní àfi kí àwọn tún un yẹ̀ wò, mo sì wà lẹ́yìn wọn: “dúró” àti “jáde” ti ní ìtumọ̀ mìíràn létí àwọn olùdìbò láti 2016. Kí àyẹ̀wò náà parí, kí òfin sì ti wà nílẹ̀, ó kéré tán oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìbò.

Òǹkàwé yín ní Glasgow