Lẹ́tà sí Bàbá Ìbejì lórí ọ̀rọ̀ páàdì

Lagere, Ilé-Ifẹ̀,
Ìparí oṣù kẹwàá.

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi,

Mo gba iṣẹ́ tí o rán sí mi. Ṣé ara le? Ìyá Ìbejì ńkọ́? Táyé àti Kẹ́hìndé ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá ẹ du rímóòtù? Ó dùn mọ́ mi pé ẹ ń bọ̀ wálé lóṣù Disẹ́ḿbà. Ó tún dára bó o ṣe bi mí kó o tó náwó, torí Kánádà ni owó yẹn máa ti jáde, Ìrẹmọ ni àbámọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀.

O ní èwo nínú àwọn ẹ̀rọ géèmù ló lè gba ọmọ tó pọ̀ jù lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́nì kankan má baà jókòó sí kọ̀rọ̀ máa sunkún nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ àti ti àbúrò rẹ bá kún pálọ̀ màmá. Tó bá jẹ́ iye nìkan lò ń wá, kò le: PlayStation 4 àti 5 (PS4 àti PS5) ń gba páàdì mẹ́rin, ìyẹn ohun tí wọ́n ń dì mọ́wọ́ tẹ̀ láti fi gbá géèmù, Xbox One àti àwọn tó tẹ̀lé e ń gba mẹ́jọ, Nintendo Switch náà ń gba mẹ́jọ. Mo mọ̀ ẹ́, o ti fẹ́ máa wá káàdì báńkì rẹ. Rọra ná.

Iye tí ẹ̀rọ gbà lọ́tọ̀, iye tí géèmù gbà lọ́tọ̀, géèmù ló sì ń pàṣẹ. So páàdì mẹ́jọ mọ́ Xbox, kí gbogbo wọn máa tàn yòò, tó o bá ti fi géèmù ìjà Mortal Kombat sí i, èèyàn méjì ló máa jà, àwọn mẹ́fà tó kù á di òǹwòran. FIFA, géèmù bọ́ọ̀lù, gba mẹ́rin lórí PS4. Wọ́n ti sọ ọ́ di EA Sports FC láti 2023, ṣùgbọ́n ní ìlú wa níbí, FIFA la mọ̀ ọ́n sí. Àwọn mẹ́rin yẹn lè pín ara wọn sí méjì méjì, wọ́n sì lè wà lẹ́gbẹ́ kan náà kí wọ́n jọ máa na kọ̀ǹpútà. Ti Ìbejì ni mo rò nígbà tí mo kọ ìyẹn, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n máa bára wọn jà ní gbogbo ìsinmi.

Wàá rẹ́rìn-ín sí èyí. PS3 tó jáde ní 2006 ń gba páàdì méje. PS4 dé ní 2013, ó padà sí mẹ́rin! Bluetooth, ìsopọ̀ tí kò ní wáyà, ni PS3 fi ń bá páàdì rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ Bluetooth kan tó jẹ́ olórí kì í sì lè ju méje tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. FIFA orí PS3 náà gba ẹni méje. Iná kékeré mẹ́rin péré ló wà lójú páàdì rẹ̀, báwo wá ni ẹni karùn-ún ṣe máa mọ nọ́ńbà tiẹ̀? Iná kẹrin àti ìkíní á jọ tàn, ìwọ ni kó o rò ó pọ̀. Ẹni kẹfà, ìkẹrin àti ìkejì. Ẹni keje, ìkẹrin àti ìkẹta. Mo mọ ọmọ tó jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti kọ́ ìṣirò ju ilé ìwé lọ.

Ti PS4 rọrùn, àwọ̀ iná ni wọ́n fi ń mọ ara wọn: búlúù ni ẹni kìíní, pupa ni ìkejì, àwọ̀ ewé ni ìkẹta, pínńkì ni ìkẹrin. Nínú ṣọ́ọ̀bù géèmù mi, wọn kì í pe orúkọ ara wọn mọ́. "Pupa, gbá a sílé! Pupa, ṣé o ti sùn ni?"

PS2 ńkọ́, èyí tó jáde ní 2000 tó gba ìgbà èwe wa? Ihò páàdì méjì ló ní, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní multitap, tó ń sọ ihò kan di mẹ́rin. Fi méjì sí i, ó di ẹni mẹ́jọ. Wáyà mẹ́jọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀! Ẹni tó bá fẹ́ lọ tọ̀ á kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kọ́ gbogbo ilé.

Bí mo ṣe wá mọ gbogbo èyí tó, páàdì méjì péré ni mo ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti bú mi títí. Ṣùgbọ́n iye ìdíje ni wọ́n ń san lé lórí níbí: ẹni tó bá jẹ á dúró, ẹni tí wọ́n jẹ á dìde, ẹlòmíì á sanwó wọlé. Tí mẹ́rin bá jọ gbá ìdíje kan, àkókò kan náà ni wọ́n lò, owó kan náà ni wọ́n dá, páàdì mẹ́rin ló sì ń gbó. Ọ̀pá kékeré tí àtàǹpàkò ń tì yẹn, tó bá ti gbó, á máa dá rìn, agbábọ́ọ̀lù á kàn máa forí lé ibi tí kò sẹ́ni tó rán an. Tó bá jẹ́ ẹni méjì náà ló ń gbá a, a mọ ẹni tó fìdí rẹmi. Mẹ́rin ńkọ́? Ọ̀rọ̀ "ìwọ lo ò ṣọ́ ẹni yẹn" á gbà wá dalẹ́. Ilé màmá kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù ṣá, ẹ ò ní dá owó fún ẹnì kankan.

Ohun tí ìwọ ní láti wò ni bí géèmù ṣe ń lo ojú tẹlifíṣọ̀n. Ti bọ́ọ̀lù, pápá kan náà ni gbogbo wọn ń wò, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ti mọ́tò àti ti ìbọn, wọ́n á gé ojú tẹlifíṣọ̀n sí mẹ́rin, ọmọ kọ̀ọ̀kan á máa wo igun tiẹ̀. Ẹ̀rọ á wá máa ya ayé kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ń rẹ̀ ẹ́. Mario Kart 8 Deluxe, géèmù mọ́tò orí Switch, tó bá jẹ́ ẹnì kan tàbí méjì, àwòrán 60 ló ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá ti di mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó já sí 30. Mẹ́rin náà sì ni òpin rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n kan. Mẹ́jọ tí wọ́n ń sọ, àfi kó o kó Switch míì wá. Nítorí náà, yí páálí géèmù padà kó o tó rà á. Iye méjì ló sábà máa ń wà níbẹ̀: ti àwọn tó jọ jókòó nínú ilé kan, àti ti àwọn tó ń pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìkejì ló máa ń tóbi, òun ló sì ń tan òbí jẹ.

Èmi o, Switch ni màá rà tó bá jẹ́ èmi ni ìwọ, kì í sì í ṣe torí mẹ́jọ. Páàdì rẹ̀, Joy-Con, ṣeé yọ sí méjì, ọmọ kan á mú ọ̀tún, ọmọ kejì á mú òsì. Nítorí náà, bó o ṣe ṣí páálí báyìí, ọmọ méjì ti ń ṣeré. Fi Joy-Con méjì míì kún un, ó di mẹ́rin. Tí wọ́n bá fẹ́ ẹni mẹ́jọ, Super Smash Bros. Ultimate gbà wọ́n sójú kan náà, àmọ́ ìjà yẹn dà bí ọjà Sábó lọ́jọ́ ọdún, kálukú á kàn máa wá ara rẹ̀ kiri.

Iná gan-an ni ìdí mi. O ti pẹ́ ní Kánádà, ṣùgbọ́n mi ò rò pé o ti gbàgbé. Tí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí PS4 ń ṣiṣẹ́, eré parí nìyẹn. Switch, wọ́n á gbé e dúró sórí tábìlì, bátìrì á máa gbé e lọ. Èyí tó jáde láti 2019 lè lo nǹkan bíi wákàtí 4 àbọ̀ sí 9, ó kù sọ́wọ́ géèmù tí wọ́n ń gbá. Jọ̀ọ́, má ra Switch Lite! Páàdì tiẹ̀ kì í yọ, kì í sì í so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Owó ẹ̀ ló máa fà ọ́ lójú.

Ṣájà Switch ń gba iná fóltì 100 dé 240, iná ilé wa kò ní jó o. Kìkì orí púlọ́ọ̀gì ni kò ní wọ ihò ti ibí, kó o ra èyí tí wọ́n ń fi pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ti FIFA, kó àwọn ọmọ wá bá mi ní Lagere lálẹ́ ọjọ́ kejì Kérésìmesì. Màá so páàdì mẹ́rin fún wọn, mi ò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ Ìbejì. Bàbá wọn ni màá gbowó lọ́wọ́ ẹ̀.

Bá mi kí Ìyá Ìbejì. Màmá ní kí n sọ fún ẹ pé òun ti ń sá èlùbọ́ dè yín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bàbá Ìdòwú