Ọkọ̀ ogun tó ń jẹ́ orúkọ Leonard Roy Harmon

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ó yẹ kí àwọn òǹkàwé yín mọ̀ pé USS Harmon ni ọkọ̀ ogun àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà fi orúkọ adúláwọ̀ pè. Leonard Roy Harmon, ọmọ Cuero ní Texas, ń gbé oúnjẹ fún àwọn ọ̀gá ọkọ̀, nítorí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà ń fún aláwọ̀ dúdú nígbà náà. Síbẹ̀, nígbà tí ọta ń rọ̀jò sórí ọkọ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́, USS San Francisco, nítòsí erékùṣù Guadalcanal ní Òkun Pàsífíìkì ní oṣù kọkànlá ọdún 1942, ara rẹ̀ ló fi bo ẹnìkejì rẹ̀ tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́, ó sì kú. Ìyá rẹ̀ gan-an ló sọ ọkọ̀ náà lórúkọ ní Quincy ní Massachusetts, ní oṣù keje ọdún 1943. Ó dùn mí wọra pé wọ́n tà á bí irin àlòkù ní 1967.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín