Ta ló sọ pé obìnrin kò mọ lọ́bì ṣe?

Sí Olóòtú,

Láti àná ni inú ti ń bí mi. Mo gbọ́ aṣòfin kan lórí rédíò tó ní ohun tí kò jẹ́ kí obìnrin pọ̀ nípò ni pé a kò mọ lọ́bì ṣe, ìyẹn ni pé a kò mọ bí a ṣe ń lọ bá àwọn aláṣẹ kí wọ́n lè ṣe ohun tí a fẹ́. Irọ́ gbuu!

Ọmọ àbúrò mi obìnrin, iṣẹ́ tó ń ṣe fún iléeṣẹ́ ńlá kan nìyẹn. Òun ni wọ́n ń rán lọ sí Àbújá bí òfin tó kan òwò wọn bá ti ń bọ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún un, wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àmọ́ kí obìnrin dé síbẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin, ẹnu géètì ni wọ́n ń dá a dúró sí.

Ṣé a ti gbàgbé oṣù Kẹta ọdún 2022 ni? Àbá tó fẹ́ ya àga sọ́tọ̀ fún obìnrin nílé aṣòfin, aṣojú-ṣòfin 81 péré ló gbà á, 208 kọ̀ ọ́. Nílé Aṣòfin Àgbà, 30 gbà, 58 kọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìyàwó ààrẹ ìgbà náà ti lọ bá wọn nílé aṣòfin lórí ọ̀rọ̀ yìí! Lọ́bì wo ló tún kù? Nínú aṣòfin àgbà 109, obìnrin mẹ́ta ni wọ́n búra fún ní oṣù Kẹfà ọdún 2023. Nínú wọn, Idiat Adébulé nìkan ló wá ṣojú apá kan ilẹ̀ Yorùbá. Bí obìnrin bá gbé ọ̀rọ̀ olówó dání, wọ́n á gbọ́. Bó bá gbé tiwa dání, etí wọn á di.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí ìwé kan wà tí ẹnikẹ́ni tó bá ti ẹnu iléeṣẹ́ wá bá aṣòfin tàbí mínísítà yóò kọ orúkọ sí: ta ló rán an, òfin wo ló bá wá, ọ̀dọ̀ ta ló wọlé sí. Kí wọ́n máa gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lóṣooṣù. Amẹ́ríkà ṣe òfin pé kí àwọn tó ń ṣe lọ́bì máa forúkọ sílẹ̀ ní 1995. Nígbà náà la ó mọ ẹni tí wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn ọmọbìnrin wa ń ṣe, tí ọ̀gá ọkùnrin ń gba ìyìn rẹ̀, yóò sì wà lórúkọ wọn. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ díje, ará ìlú á ti mọ ohun tó lè ṣe.

Kí owó fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ òṣèlú wálẹ̀. Kí wọ́n sì yé fi òru ṣèpàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì, ọ̀pọ̀ abiyamọ kò lè débẹ̀.

Ìyá oníṣòwò kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.