Kọ́lá, fi rímù 19 yẹn sílẹ̀ ní Calgary

Oníkòlòbó,
Abẹ́òkúta.
Oṣù Ọ̀wàrà.

Kọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù á ti máa mú yín ní Canada lọ́hùn-ún. Òjò ni kò jẹ́ ká rímú mí níbí. Mo yà kí Màmá ní Ọbáńtokò lọ́jọ́ Sunday, ara wọn le, wọ́n ní kí n sọ fún ẹ pé láfún ti wà nílẹ̀ dè ẹ́.

Mo rí àwòrán Toyota 86, mọ́tò kékeré onílẹ̀kùn méjì tó o fi ránṣẹ́. Mọ́tò náà rẹwà, ká má purọ́. Pé o fẹ́ dì í sínú kọnténà wálé, tí wàá máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ láti Ọbáńtokò dé Òkè-Mosàn, ìyẹn náà dáa. Rímù íǹṣì 19 tó o ní o fẹ́ rà sí i ni mi ò fara mọ́. Má rà á. Tó o bá tiẹ̀ máa yí èyí tó bá ọkọ̀ wá padà rárá, ìsàlẹ̀ ni kó o sọ̀ kalẹ̀ sí. Íǹṣì 16 ni kó o lọ mú.

Má tíì rẹ́rìn-ín. Wo ara táyà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ báyìí, wàá rí 215/45R17. Fífẹ̀ táyà ní mìlímítà ni 215. 45 ń sọ pé gíga ẹgbẹ́ táyà jẹ́ ìdá márùnlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, ìyẹn bíi mìlímítà 97. 17 ni rímù. Bó o bá wá gbé rímù 19 sí i, táyà bíi 225/35R19 ló máa wọ̀ ọ́, ẹgbẹ́ tiẹ̀ kò sì ju mìlímítà 79 lọ. Ti rímù 16, ìyẹn 205/55R16, tó 113. Rọ́bà àti afẹ́fẹ́ yẹn náà ni gbogbo ohun tó máa wà láàárín rímù ẹ àti kòtò ìlú yìí o, o sì mọ bí títì wa ṣe máa ń rí tí òjò bá ti kó ọ̀dà lọ.

Lọ́jọ́ kan báyìí mo wà lọ́dọ̀ fọ́kanáísà ní Lafẹ́nwá nígbà tí ọmọkùnrin kan yí rímù 18 dé. Kòtò tí omi òjò bò lójú ló kó sí. Etí rímù náà ti tẹ̀ wọnú bí ẹnu agolo tí èèyàn fẹsẹ̀ tẹ̀. Bàbá fọ́kanáísà tan gáàsì sí i, ó ń fi òòlù kàn án díẹ̀díẹ̀, ó ń yí i, ó ń di ojú kan wò ó. Ó fi táyà padà sí i, ó fún un láfẹ́fẹ́, ó wá bu omi ọṣẹ sí etí rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìfófó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó níbì kan tí kò ju ọmọ ìka lọ. Rímù ti sán. Bàbá ní àwọn á jó o, ọmọ náà sì gbà. Èmi ò lè gbà. Inú iná tí wọ́n díwọ̀n ni ilé iṣẹ́ ti máa ń fún irú alúmíníọ̀mù bẹ́ẹ̀ lágbára. Iná gáàsì ẹ̀bá títì ń bà á jẹ́ ni. Ta ló máa wá fi irú rẹ̀ sáré 120 lọ́nà Ṣàgámù?

Mo mọ̀ pé wàá ní táyà pẹlẹbẹ ló ń jẹ́ kí mọ́tò tètè dá ọwọ́ lóhùn. Òótọ́ ni. Táyà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ga máa ń tẹ̀ díẹ̀ kí mọ́tò tó yà, wàá sì mọ̀ ọ́n lára fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí gan-an kò fi táyà eré ìje sí i. Michelin Primacy lásán ló bá a wá, nítorí wọ́n fẹ́ kí ìdí rẹ̀ máa yọ̀ díẹ̀ kí awakọ̀ lè jẹ̀gbádùn. Ní Japan, 205/55R16 ni wọ́n fi sẹ́sẹ̀ èyí tí owó rẹ̀ kéré nínú wọn. Agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ náà kò ju nǹkan bí ẹṣin 205 lọ. Rímù ńlá tó bá wúwo, ẹ́ńjìnnì ló máa yí i, bíréèkì ló máa dá a dúró, ṣọ́kì ló sì máa jìyà rẹ̀.

Ohun tó tiẹ̀ mú mi le jù ni pé 205/55R16 ni ọ̀pọ̀ Corolla àti Civic ń wọ̀. Tí táyà bá bẹ́ mọ́ ẹ lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ Saturday, wàá rí òmíràn rà ní Kútọ̀ kó o tó jẹun ọ̀sán. Tìẹ tó jẹ́ 215/45R17, wàá wá a kiri. Ti 19, Èkó ni, wọ́n á sì tún ní kó o fún àwọn láyè. Gíga 205/55R16 látòkè délẹ̀ fi nǹkan bíi mìlímítà méje ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí géèjì bá ń sọ 100, 101 lò ń sá. Kò sí ohun tó máa ha.

Rímù náà ni kó o rà wá láti ọ̀hún, torí ihò nọ́ọ̀tì. 5x100 ni tìẹ: ihò márùn-ún lórí òbìrí tó jẹ́ mìlímítà 100. Rímù Camry kún gbogbo ìlú yìí, 5x114.3 ni, kò lè wọ̀ ọ́. Àwọn Corolla kan jẹ́ 5x100, àmọ́ ihò àárín wọn jẹ́ mìlímítà 54.1, nígbà tí họ́ọ̀bù tìẹ, irin àárín tí rímù ń kó sí, jẹ́ 56.1, kò ní wọlé. Ti Subaru Impreza bá a mu láìku ibì kan. Kò yani lẹ́nu, Subaru ló to ọkọ̀ náà fún Toyota, ní ìlú kan tó ń jẹ́ Ota ní Japan (kì í ṣe Ọ̀tà tiwa o).

Ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́dọ̀ yín ló ń ní rímù 16 tí wọ́n ń fi táyà yìnyín sí. Ra irú rẹ̀ ní àlòkù, kó o yọ táyà náà dànù. Rọ́bà rẹ̀ ti rọ̀ jù, ooru wa á jẹ ẹ́ tán. Kí fífẹ̀ rímù jẹ́ íǹṣì 6.5 tàbí 7, kí ET rẹ̀, nọ́ńbà tó ń sọ bí rímù ṣe máa wọnú tàbí yọ síta tó, sún mọ́ 48. Bí ET bá kéré jù, táyà á yọ síta débi fẹ́ńdà. Bó bá pọ̀ jù, á wọnú lọ bá ṣọ́kì. Márùn-ún ni kó o rà, kì í ṣe mẹ́rin, kó o lè ní sípíà tó péye. Bí kò bá gba búùtù, gbé e sẹ́yìn. Ta ló tiẹ̀ fẹ́ jókòó sórí àga ẹ̀yìn yẹn?

Táyà fúnra rẹ̀, èmi á bá ẹ rà á níbí, tuntun. Mo máa wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú àkọsílẹ̀ DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: tí wọ́n bá kọ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é, bó ti wù kó máa dán tó. Afẹ́fẹ́ PSI 35 ni ti ilé iṣẹ́, wọ́n kọ ọ́ sí ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀.

Tó o bá rí rímù tó wù ẹ́, dojú ẹ̀ délẹ̀ kó o ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi kó o tó sanwó. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ fífẹ̀ àti ET sí. Bá mi kí ìyàwó.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Wálé