Ta ló kọ orin náà gan-an?

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, inú bọ́ọ̀sì láti Kubwa sí Wuse ni mo wà nígbà tí wọ́n gbé "Lift Me Up" sáfẹ́fẹ́ lórí rédíò. Bó ṣe parí, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní, "Rihanna ló kọ orin yẹn o!" Arákùnrin tó jókòó tì mí ní, "Ó mọ̀ ọ́n kọ." Mo fẹ́ fọhùn, a ti dé ibi tí mo ti ń sọ̀.

Èdè wa gan-an ń dá kún un. Ẹni tó fi bírò kọ ọ́, "kọ" là ń pè é; ẹni tó fi ohùn kọ ọ́, "kọ" náà ni. Rihanna fi ohùn kọ ọ́, ó sì kọ ọ́ débi pé omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí orin náà wọ ìdíje Oscar ní 2023, orúkọ ẹni mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀: Rihanna, Tems, olórin tiwa, Ryan Coogler tó darí Black Panther: Wakanda Forever, fíìmù tí wọ́n ṣe orin náà fún, àti Ludwig Göransson tó ṣe orin inú fíìmù náà. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jọ ni ìró orin. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ńkọ́? Tems àti Coogler nìkan ni. Chadwick Boseman, òṣèré tó ṣe Black Panther nínú fíìmù àkọ́kọ́, tó kú ní 2020, ni wọ́n fi ń dárò. Ọmọ wa Tems, tó ń jẹ́ Temilade Openiyi, ló bá wọn wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sunkún òkú wọn, orin náà sì dé ipò kejì lórí Billboard Hot 100, àtẹ orin tó ń lọ lóde ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ẹ ò wá dárúkọ ẹ̀!

Ó ká mi lára torí ó ti ṣe mí rí. Mo kọ orin ìkómọ kan fún ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ń ṣeré níbi àríyá àwa Yorùbá ní Kubwa àti Nyanya. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń ríran. Àdùkẹ́ tó wà nínú rẹ̀, oríkì ìyá mi ni. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kọ ọ́, wọ́n ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, èmi dúró lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀, mò ń gbọ́ oríkì ìyá mi. Nígbà tó gbé e jáde, orúkọ tirẹ̀ nìkan ló fi sí i. Mi ò bèèrè owó. Orúkọ ni mo bèèrè. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo kọ ọ́ lórí ìtàgé ni?"

Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti 2022 sọ ọ́ kedere pé ẹni tó ṣe iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ kí wọ́n dárúkọ òun mọ́ ọn. Àbújá níbí náà ni àjọ tó ń mójú tó o fìdí kalẹ̀ sí.

Olóòtú, ìlà kan péré ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Bí ẹ bá ń tẹ orúkọ àwọn orin tó ń lọ lóde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sábẹ́ orúkọ ẹni tó fi ohùn kọ ọ́.

Èmi ni òǹkàwé yín tòótọ́,
Kubwa, Àbújá.